Ta Ni Yóò Bá Mi Wá Kẹ́hìndé?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé orúkọ ìdílé mi ń jẹ́ Táíwò ni? Èmi nìkan ni ìyá mi bí lọ́jọ́ tó bí mi, n kò ṣáájú ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì tẹ̀lé mi bọ̀, síbẹ̀ kò síbi tí mo dárúkọ yìí tí wọn kì í bi mí pé, "Kẹ́hìndé ńkọ́?" Kẹ́hìndé wo? Ṣé mo jọ ajínigbé ni? Bí mo bá sì ní n kò ní Kẹ́hìndé, ojú wọn á fà ro, "Háà, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù yín nínú," wọ́n á wá máa fohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá a ti gbẹ́ ère ìbejì. Wọ́n ti sin ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bí!

Baba ńlá mi ló jẹ́ ìbejì, kì í ṣe èmi. Yorùbá ìgbàanì ò sì lórúkọ ìdílé: àmútọ̀runwá rẹ, àbísọ rẹ, oríkì rẹ, orílẹ̀ rẹ, ó tán. Ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì fìdí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, tí ilé-ìwé ń tàn káàkiri, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ orúkọ baba mọ́ ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tó kan bàbá àgbà mi, tísà ní, "Kí lorúkọ baba rẹ?" Ó ní, "Táíwò." Ó parí! Ká ní ó béèrè oríkì ni, Àkànbí là bá máa jẹ́, ta ni ì bá bi Àkànbí léèrè ìkejì rẹ̀? Tísà mìíràn ló kọ tàwọn ọmọ Kẹ́hìndé, ó kọ Kẹ́hìndé. Lọ́jọ́ tí a lọ ṣe ìwé ilẹ̀ ìdílé, akọ̀wé ní kí a lọ búra ní kóòtù pé ẹbí ni wá. Àwa tí a ti jọ ń jà lórí ilẹ̀ náà láti kékeré!

Orúkọ ọ̀hún ò tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kò sí ẹ̀yà tó ń bí ìbejì tó wa, àwọn dókítà tó ka ti Ìgbò-Ọrà láyé ọjọ́un rí i pé ó lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000, ilé wo ni Táíwò ò wá sí? Ẹ pè é níbi tí aláìsàn ti ń dúró de dókítà kí ẹ wo bí bẹ́ǹṣì yóò ṣe ṣófo. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Cornell, ọ̀kan ní Georgetown, filọ́sọ́fì niṣẹ́ àwọn méjèèjì, Olúfẹ́mi Táíwò lorúkọ àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì tún gbé ìwé jáde ní 2022! Bí mo bá dé Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n á ní ọmọ Táíwò Olówó ni mí, oníṣòwò ará Ìṣẹrì tó ti kú láti 1901, owó aṣọ ẹbí tèmi á sì lé sí i.

Ìyàwó mi wá bí ìbejì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò! Mo kọ ti àkọ́kọ́ sí fọ́ọ̀mù: Táíwò Táíwò. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ti èkejì: Kẹ́hìndé Táíwò. Ó fi bíírò gbo imú, ó ní, "Bàbá ìbejì, ọmọ kan ni fọ́ọ̀mù kan o."

Ni mo bá láwọn ò ní fi orúkọ pa mí, mo fẹ́ polówó ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn. Olórí ẹbí ò bínú rárá. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò bá ilé Táíwò pín ilẹ̀ mọ́. Kó tó délẹ̀ ọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn Kẹ́hìndé ti na bíírò sí mi.