Bí Sùẹ̀gbẹ̀ Ṣe Ń Gbàgbé Táíwò Ní Ìgbó-Ọrà

Kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé o ti dárí ji Táíwò tó kọ̀ ẹ́. Sọ ọ́ fún ọlọ́kadà tó gbé ẹ, sọ ọ́ fún ìyá alámàlà, kí o sì gbé e sórí WhatsApp pẹ̀lú fọ́tò tí o ti wọ gíláàsì dúdú: "Mo ti fi í fún Ọlọ́run." Lẹ́yìn náà, máa yọjú wò ó bóyá Táíwò ti rí i. Bó bá ti rí i tí kò fèsì, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun nìyẹn. Tún dárí ìyẹn náà jì í.

Ìdáríjì sùẹ̀gbẹ̀ kì í ṣaláì níwèé gbèsè. Mú bírò. Kọ owó káàdì tí o fi ránṣẹ́, bàtà ọdún Iléyá, gààrí tí o rù lọ fún ìyá rẹ̀, títí kan ẹran méjì tí o bù nínú ọbẹ̀ ìlasà tìẹ sínú tiẹ̀. Ẹran yẹn ló dùn ẹ́ jù, òun ni kí o fi ṣáájú.

Bí ojú bá wá ń tì ẹ́, fi ìlú sílẹ̀. Nínú ìlú méjèèje Ìbàràpá, Èrúwà ni kí o sá lọ, níbi tí àǹtí Táíwò ti ń ta ẹ̀gúsí. Máa ra kóńgò kan lójoojúmọ́. Má dárúkọ Táíwò o. Ṣáà béèrè bóyá ara gbogbo ilé le.

Ibi tó ti le ni pé ìlú ìbejì ni Ìgbó-Ọrà tí a wà. Àwọn oníṣègùn tó ṣèwádìí níbí rí ìbejì tó 45 sí 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìbí kan, láti 2018 la sì ti ń ṣe ọdún ìbejì tí àwọn ará òkèèrè ń wá wò. Táíwò tó kọ̀ ẹ́ ní Kẹ́hìndé. Wàá pàdé rẹ̀ lọ́jà, àyà ẹ á já. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ jù lọ nínú ìbejì tiwa kì í jọra, ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Kẹ́hìndé ga, ó pupa. Táíwò ò ga, ó dúdú bí kóró iṣin. Ojú ẹ ló ń ṣe ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ gbọ́ ti oníṣègùn? Lọ sọ fún Kẹ́hìndé pé òun gan-an lo ti ń wò látọjọ́ yìí. Òun sáà ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Ìgbéga ló dé bá ẹ.

Ìdòwú àbúrò wọn ni kí o fún lówó kó bá ẹ jíṣẹ́. Á gbowó, á sì jẹ́ ẹ fún àwọn méjèèjì lójú kan náà.

Bí Kẹ́hìndé bá gbà (nǹkan máa ń ṣeni), o ti borí. Táíwò ti di àna ẹ: gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa wá kí yín, ẹran ẹ náà ló sì máa jẹ. Ìwọ ṣáà máa jẹ àmàlà pẹ̀lú ìlasà. Àwọn àgbà wa ní òun ló ń mú ìbejì wá, bí àwọn dókítà ò tiẹ̀ tíì fọwọ́ sí i. Bí ìyàwó bá wá bí méjì, èyí tó bá ṣáájú jáde, jọ̀ọ́, kí lo máa sọ ọ́? Máa lọgun orúkọ yẹn láràárọ̀, títí tí yóò fi jí wẹ̀ lọ sílé ìwé.