Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Síkánà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe síkánà, kí ni mo fi ṣe yín? Páálí bàtà kan ni mo ní, négátíìfù ló kún inú rẹ̀. Ìkómọ, ìṣílé, ìnáwó òkú àgbà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀: ojú Bàbá mi funfun báláú, eyín wọn dúdú. Mo fẹ́ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà kí ọ̀rinrin tó bà wọ́n jẹ́ tán, torí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn. N ò ní kí ẹ bá mi kọ́lé. Síkánà tí agbára mi ká ni mo ní n rà.

Ẹ wo Epson Perfection V600, tí gbogbo ayé ń júwe fún ẹni tí kò lówó púpọ̀. 6,400 dpi ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn iye àmì tó yẹ kó rí nínú ínṣì kan. Mo ṣírò rẹ̀: fọ́tò orí fíìmù 35mm ò ju mìlímítà 36 sí 24 lọ, ìyẹn á fún mi ní nǹkan bíi 55 megapixel. Orí mi wú. Àfi ìgbà tí àwọn tó máa ń dán síkánà wò gbé ìwọ̀n tiwọn lé e, wọ́n ní nǹkan bíi 1,600 dpi lojú rẹ̀ ń rí ní tòótọ́. 55 bá di 3 àti ààbọ̀! Ìyókù, wọ́n kàn fi ń mú fáìlì sanra ni. Alápatà tó bá dán irú ìwọ̀n yìí wò ní Bódìjà, wọ́n á da àtẹ rẹ̀ nù.

Wọ́n ní kí n ra Plustek OpticFilm 8100 nígbà náà. Òun ríran jù ú lọ, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n 35mm nìkan ló ń jẹ, ọwọ́ la sì fi ń ti fíìmù náà síwájú lẹ́yọ lẹ́yọ. Fíìmù 120 ni oní-fọ́tò fi ya ìgbéyàwó Bàbá àti Màmá mi, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, kò wọ ibẹ̀. Ìyẹn ni pé mo lè rí ìkómọ mi, n kò lè rí ìgbéyàwó tó bí mi.

Eruku ńkọ́? V600 ní ohun tí wọ́n ń pè ní Digital ICE. Iná kan tí ojú kì í rí ló ń tàn gba inú fíìmù aláwọ̀. Ó ń la àwọ̀ kọjá, eruku ni kò lè là, ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tí yóò pa rẹ́. Ó dáa. Àmọ́ fàdákà ló wà lára fíìmù dúdú àti funfun, iná yẹn ò sì lè la fàdákà. Bàbá mi, nínú agbádá aṣọ òkè, lórí àga sítúdíò, ẹ̀rọ ní eruku ni wọ́n!

Mo kọrí sọ́dọ̀ oní-tòkunbọ̀. Ó gbé síkánà kan jáde, ó fi apá ẹ̀wù nù ún. Mo ní férémù oníke tí a ń ki fíìmù bọ̀ dà?

“Alhaji, ṣé síkánà lẹ fẹ́ rà ni àbí férémù?”

Mo ní láìsí férémù, fíìmù á ká kò. Ó ní kí n fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Inú ọmọrí ni iná ti ń tàn gba fíìmù wá sísàlẹ̀ o! Bí ìwé bá jókòó sórí rẹ̀, kí la fẹ́ rí? Wáyà iná rẹ̀ náà ò sí. Ó ní ti laptop á gbé e.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé négátíìfù lé ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, kí n fi fóònù yà á, kí n yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Fíìmù aláwọ̀ pọ́n bí ọsàn láti ilé iṣẹ́ wá, nígbà tí mo yí i, gbogbo ẹbí di búlúù, àmì tótòtó ojú tábúlẹ́ẹ̀tì sì bo iwájú orí wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ló wá dá kún un. Ìrántí Bàbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí n tètè fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tẹ ìwé ètò, kó sì mọ́lẹ̀ kedere. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú fi owó síkánà ránṣẹ́.”

Wọ́n ní nẹ́tíwọ́kì ò dáa, àwọn ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ.