Ẹwà Tó Ń Jólé

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọn ò tíì mọ Lẹ́kí ní Èkó nígbà tí wọ́n pa òwe yẹn. Ká ní wọ́n débẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹta ni, wọn ì bá rí i pé ẹwà gan-an ló ń dáná sunlé báyìí. Kò sí èéfín, a ò sì ké sí panápaná. Owó ló ń jó.

Ẹ wo yàrá ìgbàlejò ilé tuntun kan ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gíláàsì ni ògiri iwájú láti ilẹ̀ dókè, ìwọ̀ oòrùn ló sì kọjú sí, torí apá ibẹ̀ ni títì wà, àwọn èrò títì sì gbọ́dọ̀ rí i. Oòrùn á rọ́ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìyàwó ilé á yára fa kọ́tìnnì tó nípọn bí aṣọ òfì bo gíláàsì olówó ńlá náà pátá. Yàrá á ṣókùnkùn. Wọ́n á tanná sílé lójú oòrùn, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ráyè jà.

Ìjà náà lówó lórí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúnítì iná kan fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná lò jù, láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225. Bí amúlétutù kékeré kan bá ń jẹ yúnítì kan ní wákàtí kan, fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, 67,500 náírà ni lóṣù ní iye ìgbà náà. Yàrá kan ṣoṣo nìyẹn o. Lóṣù keje ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Ẹ ò rí i pé àpótí tó wà lára ògiri yẹn ti ń gbowó oṣù, ó kù kí ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Kì í sì í ṣe pé a ò mọlé kọ́. Ògiri amọ̀ àwọn baba wa nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í tètè là á kọjá. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó kọ́lé tí àjà rẹ̀ ga, tí fèrèsé onípákó rẹ̀ ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé kí oòrùn dúró síta. Nígbà tí Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ń ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, kọnkéré oníhò ni wọ́n fi ṣe ìbòòrùn fún ibi ìkàwé tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí. Demas Nwoko náà, tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican sí Ìbàdàn, po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé ní Venice fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní 2023. A kí i kú oríire, a sì padà sídìí gíláàsì wa. Ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ti gbé ìlànà jáde láti 2017 lórí bí a ṣe lè kọ́lé tí kò ní í máa jẹná. Bóyá ọ́fíìsì tó ní amúlétutù ni wọ́n tọ́jú ìwé náà sí.

Wọ́n á ní irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ́n. Gíláàsì onípele méjì wọ́n lóòótọ́, bátìrì sólà kò sì ṣeé sún mọ́. Ṣùgbọ́n èló ni kí fèrèsé kọjú síra wọn? Èló ni kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé má kojú oòrùn? Páànù funfun kò wọ́n ju dúdú lọ, síbẹ̀ dúdú là ń kàn, torí òun ló ń jáde nínú fọ́tò. A ń sanwó fún ẹni tó bá wa gé igi fúrúùtù, a tún ń sanwó fún ẹni tó to intalókìn síbi tí òjìji rẹ̀ wà. A yọ lúfà tó ń ṣí tán, a fi sláídìn sí i, èyí tó jẹ́ pé bó o bá ṣí apá kan, o ti fi bo èkejì. Mo gbà pé ẹ̀fọn wà, èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà. Níbi tí wọ́n bá sì ti pín pulọ́ọ̀tì kan sí méjì, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ò rọ́nà gbà.

Àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ ni pé atẹ́gùn ò ṣeé fi ṣe fáàrí. Ta ló máa bá ọ ṣe ìṣílé nítorí pé òrùlé rẹ yọ síta? Sólà, ìyẹn ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí lókè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ra pánẹ́ẹ̀lì jọ kí oòrùn lè bá wa lé ooru tí oòrùn kan náà gba ojú gíláàsì kó wọlé.

Ti ilé ayágbé ló wá burú jù. Ayàwòrán-ilé ọ̀dọ́ kan á fi sùúrù ṣàlàyé fún bàbá onílé pé, "Bàbá, bí a bá fa òrùlé yìí síta díẹ̀, owó páànù díẹ̀ náà ni, ooru ò sì ní í pa àwọn ayálégbé."

Bàbá á wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo fẹ́ máa gbébẹ̀ ni? Ẹ fowó páànù yẹn kún ti géètì."