Oríkì Ṣíìfù

Okun o, Ṣíìfù! Okun o, ẹ̀yin orí!
Ẹ má bínú pé mi ò dọ̀bálẹ̀: agbádá yín ti gba gbogbo ilẹ̀.

Ọmọ caput, tí í ṣe orí lédè Látìn, orí gan-an, èyí tó wà lórí ọrùn, tó ń ru igi, tí iná orí ń jẹ.
Ọmọ chef, bí Faransé ṣe gé caput kúrú nìyẹn.
Ọmọ atẹ̀lé-aṣẹ́gun: àwọn ará Normandi gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè wọn sì kó yín wọ ààfin. Láti ọjọ́ náà lẹ ò ti ru igi mọ́.

Mo kí gbogbo ẹbí yín.
Mo kí chef tó ń se ọbẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú yín.
Mo kí cattle. Caput ló bí ohun ìní, ohun ìní ló bí màlúù. Bí agbo bá dínà fún jíìpù yín lọ́nà Ọbájànà, ẹ má fun fèrè o, ìbátan yín ń kọjá ni.
Mo kí kábéèjì ọjà Kábà, orí ni Faransé pe òun náà. Ṣùgbọ́n bí a bá la tiẹ̀, a ó bá nǹkan nínú.
Mo kí áńkáṣíìfù! Ìbora-orí ló ń jẹ́ ní Faransé. Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó so ọwọ́ mọ́ ọn níwájú, ó ká a sínú àpò. Ẹ ò rí i bí orí ṣe bọ́ sọ́wọ́, tí ọwọ́ gbé e lọ nu imú?
Mischief ńkọ́? Faransé àtijọ́ ní ohun tí orí rẹ̀ já síbi ni. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, ẹ kúkú mọ ara yín.

Ọmọ agbà-fún-ọba-má-fún-un:
Ní oṣù kìíní 1897, Goldie, ọ̀gá iléeṣẹ́ Royal Niger Company, kó sójà wọ Kábà, ó ń lé Nupe tó ti ń kó wa lẹ́rú. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ta àsíá ní Lọ́kọ́ja. Ọbabìnrin kan ló wà, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Torí náà ọba tiwa, ẹ̀yin ni wọ́n fi pè é. Wọ́n tún pín ọba sí kíláàsì, bí ìwé ìwọkọ̀ rélùwéè.

Àwa Owé, ará Kábà, ní àkàsọ̀ oyè tiwa. Igẹmọ ni a ń kọ́kọ́ gùn, kí a tó dé Ọrọta, kí a tó dé Ololu níbi tí Ọbaro, Ọbadọfin àti Ọbajẹmu jókòó sí. Ẹ̀yin ò gbabẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé lẹ ti joyè! Wọ́n tẹ káàdì ìpè, oyè gbẹ kí yíǹkì tó gbẹ: Ṣíìfù, Dókítà, Ẹnjiníà, kọ́mà ju orúkọ lọ. Afárá tí Ẹnjiníà ṣe dà? Ó ń bọ̀, ó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Aṣọ ìpò Búnú náà ńkọ́, pupa fòò, tí àwọn ahunṣọ máa ń tú búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù nígbà kan láti rí òwú rẹ̀? Òkú ẹni ńlá ni wọ́n ń fi í yẹ́ sí. Mo bá yín bèèrè tiyín sílẹ̀. Àwọn àgbà ní olórí kí ni yín. Mo ní ẹ ti ṣe alága ayẹyẹ wẹ̀jẹ-wẹ̀mu. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Mo gba gáréèjì lọ, kí n lè rí ẹni tí yóò bá mi kí yín. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ Kábà sí Lọ́kọ́ja ló dáhùn kíákíá: «Ṣíìfù? Mo ní mẹ́ta nínú mọ́tò yìí. Gbogbo èrò tí kò bá mú ṣéńjì dání ni mo ń pè bẹ́ẹ̀.»