Ìjàpá àti Àpò Onílẹ̀kùn Méjìlá

Àlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó sì balẹ̀ gbì sí ìsàlẹ̀ Òkè Aso.

Lọ́dún 1991, àwọn ẹranko kó olú-ìlú wọn kúrò létí ọ̀sà, wọ́n gbé e wá sáàárín àpáta. Kìnnìún ni ọba. Wuse ni wọ́n ti ń nájà, owó ẹyọ ni wọ́n sì ń ná. Èèrà mọ̀ ọ́n kà. Òwìwí ń kà á lóru. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá wọlé tọ Kìnnìún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Kábíyèsí, ojú afẹ́fẹ́ làwọn ọba òkèèrè ń gbé owó wọn gbà báyìí. Ẹyọ ti di ohun ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpò kan fún yín, àpò tí a ò fi òwú rán, tí a ò fi awọ ṣe."

Inú ọba dùn. Inú ọba sáà máa ń dùn sí ohun tí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ní.

Ìjàpá délé, ó ṣe àpò, ó fi ilẹ̀kùn 12 sí i. Yánníbo ní, "Olówó orí mi, kí ni àpò fẹ́ fi ilẹ̀kùn 12 ṣe?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn tí ilẹ̀kùn ò ṣí, yóò san ẹyọ kan. Èyí tó bá tètè ṣí, kí ni yóò bù fún mi jẹ?"

Ó di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ àpò lórí òkè. Ẹ wo aṣọ! Ẹ gbọ́ ìlù! Ìjàpá fi ìka kan àpò lẹ́ẹ̀kan péré, owó fò fùú lọ bá ọba. Gbogbo ìjòyè pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé àpò ọwọ́ Ìjàpá lọ́jọ́ náà ò nílẹ̀kùn kankan. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ránṣẹ́ pe Ewúrẹ́ tó ń gúnyán tà ní Wuse pé kó wá dán an wò.

Ilẹ̀ mọ́, ọjà kún.

Ejò dé ilẹ̀kùn kìíní. Ilẹ̀kùn ní, "Tẹ àtàǹpàkò rẹ síbí." Ejò wọ̀tún, ó wòsì. Níbo ni Ejò ti fẹ́ rí àtàǹpàkò? Ó san ẹyọ kan.

Àdán dé ilẹ̀kùn kejì. Ilẹ̀kùn ní, "Gbójú sókè, kí n ya àwòrán rẹ." Àdán so rọ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i. Ilẹ̀kùn ní ojú yìí dorí kodò, òun ò mọ̀ ọ́n. Ó san ẹyọ kan.

Ológbò dé ilẹ̀kùn kẹta. Ilẹ̀kùn ní, "Nínú ìwé ọba, Ológbò lo jẹ́. Nínú ìwé ọjà, Ológìnní. Ta ni ọ́ gan-an?" Ológbò ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ bi ara yín." Wọ́n ní kó lọ búra ní kóòtù. Ó san ẹyọ kan.

Ẹni tó bá tiẹ̀ rìn dé ilẹ̀kùn kọkànlá, ilẹ̀kùn á ní òun ti fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí i. Ta ni wọ́n fi rán? Ìgbín ni. Nọ́ńbà ọ̀hún kì í sì í gbó ju kí àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ìgbín á máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti Gwagwalada.

Ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn ńkọ́? Ayékòótọ́ ni Ìjàpá fi síbẹ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n wí ò ju èyí lọ: "Ọ̀rọ̀ yín ṣe pàtàkì sí wa. Ẹ dúró díẹ̀." Ilẹ̀ ṣú, wọ́n ṣì dúró.

Ni àwọn ẹranko bá ń kọrin níwájú ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ń gbè é:

Ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn, ṣí fún mi o,
— Gbìyànjú sí i!
Owó mi ni mo wá gbà,
— Gbìyànjú sí i!
Ebi ń pa ọmọ mi nílé,
— Gbìyànjú sí i!
Mo ti tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀,
— Gbìyànjú sí i!

Ó sú wọn. Wọ́n padà sídìí ẹyọ. Nínú àpò 100, 98 ló ń sùn láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ajé. Ọba bínú. Ìjàpá ní, "Kábíyèsí, àpò ò ṣẹ̀. Ará ìlú ni ò lajú. Ẹ gba ẹyọ lọ́wọ́ wọn, ẹ óò rí i pé wọn yóò mọ àpò lò."

Ọba kéde pé òun fẹ́ pa ẹyọ láró tuntun. Kí oníkálukú kó ti àtijọ́ wá kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023. Nígbà tí ariwo pọ̀, ó sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlè. Wọ́n kó ti àtijọ́ wá. Wọn ò rí tuntun gbà. Láti Kubwa dé Nyanya, ẹranko ń tò láti òru mọ́jú nítorí ẹyọ díẹ̀. Tòmátì Àgùntàn jẹrà lórí àtẹ. Owó wà lápò àwọn oníbàárà rẹ̀, ilẹ̀kùn ni ò ṣí.

Wọ́n ń kanlẹ̀kùn, owó ìkanlẹ̀kùn ń rọ́ wọ àpò Ìjàpá. Ẹ̀rù olè bà á. Ó kó ilẹ̀kùn méjèèjìlá sí àpò tirẹ̀ náà, ó tì wọ́n gbọn-in gbọn-in.

Nígbà tó yá, àgbà ẹranko 7 jókòó ìdájọ́. Lọ́jọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n ní kí ará ìlú máa ná ẹyọ àtijọ́ wọn lọ. Ọjà tún kún.

Ìjàpá yà sọ́dọ̀ Ewúrẹ́. Ó jẹ iyán àwo mẹ́ta, ó jẹ ẹja mẹ́rin, ó gbin.

Ewúrẹ́ ní, "Bàbá Ìjàpá, owó iyán dà?"

Ìjàpá fa àpò yọ. "Ìyá oníyán, ẹ fara balẹ̀. Ojú afẹ́fẹ́ lèmi ń gbé sanwó."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí iyán kún bámúbámú. Ó ní, "Ojú yìí kì í ṣe ti Ìjàpá." Ó ké sí Ayékòótọ́. Ayékòótọ́ ní, "Ọ̀rọ̀ yín ṣe pàtàkì sí wa. Ẹ dúró díẹ̀." Nọ́ńbà àṣírí ńkọ́? Ìgbín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní Gwagwalada ni.

Ìjàpá bú sórin. Gbogbo ọjà gbè é:

Ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn, èmi ni mo gbẹ́ ọ,
— Gbìyànjú sí i!
Owó mi ni mo wá gbà,
— Gbìyànjú sí i!
Ìyá oníyán fẹ́ bọ́ mi láṣọ,
— Gbìyànjú sí i!

Ewúrẹ́ bọ́ agbádá lọ́rùn rẹ̀, ó kó abọ́ ìdọ̀tí síwájú rẹ̀. Ó ní, "Máa fọ̀ ọ́, kí nọ́ńbà rẹ tó dé."

Ọjọ́ kẹta ni Ìgbín wọlé. Ìjàpá já nọ́ńbà gbà, ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ní, "Nọ́ńbà yìí ti kú. Òmíràn ń bọ̀ lọ́nà." Ìgbín yí padà sí Gwagwalada. Ìjàpá padà sídìí abọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ohun tí ará ìlú yóò lò, ẹ má fi àtẹ́wọ́ ìjòyè wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e tọ Ewúrẹ́ lọ ní Wuse kẹ́ ẹ tó gbé e gun òkè. Bí kò bá lè fi ọwọ́ tí iyán lẹ̀ mọ́ ṣí i, ẹ padà lọ tún un ṣe.