Eruku àti Fáànù inú Kọ̀ǹpútà: Ìjẹ́wọ́ Òǹkọ̀wé Kan ní Mayfair

Fáànù inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì kì í mú nǹkan tutù fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé kiri. Ti iwájú ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ti ẹ̀yìn ń lé èyí tó ti gbóná jáde. Ẹ̀kẹta jókòó sórí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó ń fẹ́ sáàárín irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó tò bí eyín ìyarun, tó ń gba ooru kúrò lára rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì gbà, eruku á bá a gbabẹ̀. Ní Mayfair, n'Ilé-Ifẹ̀, ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń tu eruku lójú títì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá di oṣù Kejìlá, ọyẹ́ á tún kó tirẹ̀ dé láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Àárín eyín irin yẹn ló ń dì sí, tí yóò ki bí òwú inú ìrọ̀rí. Bí processor bá fẹ́ gbóná tó 100°C, á dẹ ìrìn kó má baà jóná. Bó bá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á kú pii.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé yìí dá, tó tún fi yangàn, ni pé ó fi aṣọ léèsì bo kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Eruku kò ráyè wọlé lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ náà kò ráyè.

Fífi ẹnu fẹ́ eruku ní àbùkù méjì: itọ́ ń bá èémí jáde, eruku sì ń padà sójú ẹni tó fẹ́ ẹ. Òǹkọ̀wé fìdí méjèèjì múlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bulówà ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò. Wọ́n á yọ wáyà iná, wọ́n á gbé ẹ̀rọ síta, wọ́n á sì fi ìka di fáànù mú, torí pé èyí tí bulówà bá yí kọjá ìwọ̀n lè ba bíárìn inú rẹ̀ jẹ́. Òǹkọ̀wé rántí wáyà nìkan. Inú yàrá ló ti fẹ́ ẹ, nítòsí ìkòkò ọbẹ̀ tí kò lómorí, fáànù náà sì ké bí ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Òǹkọ̀wé tún tú àwọn fáànù kúrò láti nù wọ́n; títò wọ́n padà ló burú jù. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n lẹ bébà orúkọ mọ́ lára fáànù ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Nítorí náà, bébà ti fáànù ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọjú síta. Òǹkọ̀wé rò pé inú ló yẹ kó kọjú sí, kí ẹni tó bá ṣí i lè rí i kà. Bí fáànù méjèèjì ṣe ń fẹ́ síra wọn nìyẹn, bí àgbò tó ń kàn, ti ẹ̀yìn sì ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná tí àpótí iná, ìyẹn èyí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tú síta padà wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń bú ọyẹ́.

Àpótí iná yẹn náà ní fáànù tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tú u, torí iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ wáyà. Láti ojú ihò rẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ ẹ. Òun nìkan ni òǹkọ̀wé kò tú. Kì í ṣe pé ó mọ̀: kò rí ohun tó lè fi tú súkúrù rẹ̀ ni.