Pósí Aláìníwèé-Àṣẹ
Ní Louisiana, l'Amẹ́ríkà, àwọn mọ́ńkì Saint Joseph Abbey (mọ́ńkì onísùtánà ni o, kì í ṣe ọ̀bọ) bẹ̀rẹ̀ sí í kan pósí tà ní 2007. Pákó, ìṣó, àdúrà: ó parí. Àfi bí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìsìnkú ṣe ta gìrì! Wọ́n ní òfin sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ta pósí gbọ́dọ̀ ní iléeṣẹ́ ìsìnkú, pẹ̀lú pálọ̀ tó gba 30 èèyàn àti yàrá tí wọ́n ti ń kun òkú lọ́ṣẹ. Ẹ má gbàgbé pé àpótí òfìfo ni àwọn mọ́ńkì ń tà. Òfin Louisiana kan náà kò ní kí ẹ fi pósí sin ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fi aṣọ wé bàbá yín, ẹ kò jẹ̀bi. Mẹ́jọ nínú ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ òkú ń bọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ire aráàlú nìkan ló jẹ wọ́n lógún, ẹ gbà mí gbọ́. Àwọn agbẹjọ́rò Institute for Justice bá bá àwọn mọ́ńkì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá àwọn mọ́ńkì láre. Títí di òní, kò sí ẹni tó sùn nínú pósí wọn tó padà wá ráhùn.